Ìwé Ọkọ̀ ní Bẹ́ẹ̀dì Kẹrin

Ní Hammerfest, lóṣù tí oòrùn kì í yọjú,
tí ọ̀sán gangan dúdú bí ìdí ìkòkò,
wọ́n gbé Torleif wọ wọ́ọ̀dù wa.
Apẹja ni. Ó yọ̀ lórí yìnyín létí èbúté,
egungun ìbàdí rẹ̀ dá,
wọ́n sì ti fi irin rọ́pò rẹ̀.
Mo rò pé yóò kérora, kó sì sùn.
Ohun tó kọ́kọ́ béèrè ni gíláàsì ojú rẹ̀,
èkejì ni ìwé ọkọ̀ rẹ̀,
ìwé tó máa ń kọ afẹ́fẹ́ àti ìgbì sí,
iye ẹja, wákàtí tí àwọ̀n wọ omi.
Èèpo ìwé náà ṣì ń rùn bí ẹja.

Ó ṣí ojú ewé tuntun, ó kọ ọ́ báyìí:
"Aago mẹ́ta òru. Ìrora: méje nínú mẹ́wàá.
Oògùn funfun méjì, pupa kan.
Mo mu omi. Mi ò tíì tọ̀.
Afẹ́fẹ́: kò sí. Wọn kì í ṣí fèrèsé níbí."

Èmi ńkọ́? Ọ̀sẹ̀ kejì mi nìyí ní bẹ́ẹ̀dì kẹta,
wọ́n gé lára ìfun mi.
Bí dókítà bá dé, màá rẹ́rìn-ín.
"Ara ńkọ́, Asbjørn?" "Ara le, dókítà."
Ara ò le.
Ọgbẹ́ ń ta mí bí iyọ̀ òkun,
ṣùgbọ́n ìtìjú ò jẹ́ kí n lahùn.
Mo ti gbé ara mi fún wọn
bí ẹni gbé aago fún ẹni tí yóò tún un ṣe,
mo ń dúró kí wọ́n pè mí wá gbà á.

Lálẹ́ ọjọ́ kẹta, nọ́ọ̀sì Sunniva gbé oògùn dé nínú ife kéékèèké.
Torleif da tirẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́,
ó fi ìka yí wọn bí ẹni ń ṣa òkúta inú ẹ̀wà.
"Aláwọ̀ ewé yìí, ọmọ mi, àlejò ni.
Kò sí nínú ìwé mi."
Sunniva rojú díẹ̀. Láti àárọ̀ ló ti wà lórí ìdúró.
Ó wo bébà ọwọ́ rẹ̀. Ó tún un wò.
Ó yíjú sí bẹ́ẹ̀dì mi.

Tèmi ni.
Tèmi ni aláwọ̀ ewé náà,
mo sì ti gbé ti Torleif mì
láìwo ohun tó wà nínú ife.

Wọ́n ṣọ́ mi di òwúrọ̀, wọ́n ń so apá mi, wọ́n ń tú u.
Kò sí ohun tó ṣe mí.
Sunniva sunkún díẹ̀ lẹ́yìn kọ́tìnnì, ó padà wá, ó bẹ̀ wá.
Torleif ò pariwo. Ó ní,
"Nínú ọkọ̀, ojú mẹ́rin ní í wo kókó okùn kan."

Abèèrè kì í ṣìnà, wọ́n ní.
Wọn ò sọ pé ẹnu rẹ̀ kì í gbọ̀n.

Nígbà tí dókítà Hallgrim dé lówùúrọ̀,
"Ara ńkọ́, Asbjørn?"
mo wo Torleif. Kò wò mí, ó ń gbẹ́ ẹnu pẹ́ńsù rẹ̀.
"Kò le," ni mo wí.
"Ó ń ta mí lápá òsì, láti àná.
Kí lẹ gé kúrò gan-an? Mi ò gbọ́ ọ nígbà tẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ.
Ìgbà wo ni mo lè padà gbé igi ìdáná?"
Dókítà fa àga. Mi ò rí i kó jókòó rí.
Ó ya ìfun mi sẹ́yìn bébà, àwòrán burúkú, bí okùn tó lọ́ pọ̀.
Ó tẹ apá òsì náà, ó dákẹ́,
ó ní díẹ̀ ló kù kó kẹ̀.

Torleif ti lọ sílé báyìí, òun àti ọ̀pá rẹ̀.
Ó ya ewé mẹ́wàá fún mi nínú ìwé ọkọ̀.
Mo ti kọ ti òní:
"Aago mẹ́wàá. Ìrora: mẹ́ta.
Ìṣísẹ̀ mẹ́sàn-án láti bẹ́ẹ̀dì dé fèrèsé.
Mo ní kí wọ́n ṣí i fún mi.
Afẹ́fẹ́: láti ìwọ̀-oòrùn. Díẹ̀."